Igbe Pọ̀ Níbẹ̀, Lomé Ló Kéré: Lámèyítọ́ Àkójọ Orin African Scream Contest

Ẹni tó bá kó orin ọlọ́rin jọ sínú àwo kan, tó sì kọ orúkọ ilẹ̀ méjì sí i lára, iṣẹ́ ọnà ló ṣe, iṣẹ́ ọnà náà sì ní òfin tirẹ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe òun ló lu ìlù, kì í ṣe òun ló fọn fèrè. Ṣùgbọ́n òun ló pinnu ẹni tí a ó gbọ́ àti ẹni tí a kò ní gbọ́, ẹni tí yóò ṣíwájú àti ẹni tí yóò kángun sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àwa tí a fẹ́ràn àwo àtijọ́ fi ń yẹ irú àkójọ bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní bí a ṣe ń yẹ ìwé ìtàn wò. Ṣé olùkójọ mọ ohun tó kó jọ? Ṣé ó gba àṣẹ lọ́wọ́ onínǹkan? Ṣé ẹni tó jó sí orin náà nígbà èwe rẹ̀ yóò gbọ́ ọ kó sọ pé, bẹ́ẹ̀ ni, ayé ìgbà yẹn nìyí?

Òṣùwọ̀n yìí ni a fẹ́ gbé African Scream Contest lé. Samy Ben Redjeb ló kó o jọ, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ Analog Africa, tó wà ní Frankfurt nílẹ̀ Jámánì, ló sì gbé e jáde ní ọdún 2008. Orin 14 ló wà nínú rẹ̀, àkọlé kejì rẹ̀ sì sọ fún wa pé orin ilẹ̀ Benin àti Tógò láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni. Ó ti pẹ́ lọ́jà. Ariwo tí àwọn oníwèé ìròyìn Yúróòpù pa nígbà tó kọ́kọ́ jáde ti rọlẹ̀, àwọn tó bínú pé àjèjì tún ti wá kó ohun wa lọ náà ti dákẹ́. Àsìkò tó dára láti dá a lẹ́jọ́ nìyí.

Àwọn orin wọ̀nyí kò ṣàdédé hù. Nígbà ogun Hitler, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní Sájẹ́ǹtì Leopard wà ní Accra. Ó ti ń fọn sasofóònù nínú ẹgbẹ́ olórin ijó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó wọṣẹ́ ológun. Ó kó àwọn òyìnbó àti àwọn ọmọ ilẹ̀ náà pọ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó pè ní Leopard and His Black and White Spots. Olórin E. T. Mensah wà lára wọn. Lọ́wọ́ sájẹ́ǹtì yìí ni Mensah ti kọ́ bí a ṣe ń fi èémí gbé fèrè ró, bí a ṣe ń fi ahọ́n gé ohùn, bí a ṣe ń jẹ́ kí ohùn gbọ̀n díẹ̀ kó tó parẹ́. Nígbà tó di olórí ẹgbẹ́ Tempos lẹ́yìn ogun, ẹ̀kọ́ yẹn ló gbé bọ inú háíláìfù. Láti 1952 ni ilé-iṣẹ́ àwo Decca ti ń gba orin rẹ̀ sílẹ̀, àwọn àwo náà sì gba ọ̀nà etíkun títí dé Èkó. Mensah fúnra rẹ̀ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó, ó bá olórin Bobby Benson níbẹ̀, ẹni tí òun náà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ní 1947. Lomé wà láàárín ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ bí àwọn onífèrè inú African Scream Contest ṣe ń dáhùn ara wọn, tí ọ̀kan gbé e, tí ìyókù fi ẹnu kò ó, ìdílé yìí ló ń gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gìtá oníná àti James Brown ti dé bo ojú rẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù náà, àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣe tiwọn. Ambrose Adékọ̀yà Campbell, ọmọ Èkó tó gba ojú omi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun, òun àti Brewster Hughes ló dá West African Rhythm Brothers sílẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1945 tí ogun parí ní Yúróòpù, wọ́n wà ní Piccadilly láàárín èrò, wọ́n ń ta gìtá, wọ́n ń lu ìlù. Lẹ́yìn náà, wọ́n di olórin ilé ìjó Abalabi ní Soho, ilé-iṣẹ́ Melodisc sì tẹ àwo fún wọn. Ní 2006, ọdún tí Campbell kú, ilé-iṣẹ́ Honest Jon's kó àwọn orin rẹ̀ jọ sínú apá kẹta London Is the Place for Me. A mẹ́nu bà á nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wọn àkójọ yòówù tó bá jáde. Ẹnì kan ni ó dá lé, nítorí náà olùgbọ́ lè tẹ̀lé ọwọ́ kan náà láti orin kan bọ́ sí èkejì, kó mọ ibi tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ àti ibi tí ó ti di ọ̀gá. Àkójọ tó kó ẹgbẹ́ púpọ̀ pọ̀ kò lè fún wa ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn fi dípò.

Ohun tí Ben Redjeb fi dípò, tí a sì gbóríyìn fún un lé lórí, ni ìwà tó fi ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọ Tùnísíà àti Jámánì ni. Nígbà kan ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfurufú Lufthansa, iṣẹ́ yẹn ló fi ń rí ọ̀nà wọ ilẹ̀ Áfíríkà lemọ́lemọ́. Kò dúró lórí rírà àwo lọ́wọ́ oníṣòwò. Ó wá àwọn olórin náà rí, ó jókòó tì wọ́n, ó bi wọ́n léèrè ìtàn ara wọn, ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó tẹ orin wọn. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn àti fọ́tò ayé ọjọ́sí ló kún inú ìwé pẹlẹbẹ tó bá àwo náà wá. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nǹkan kékeré nìyẹn. Àìmọye àwo ni a ti rí tí wọ́n tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí orúkọ olórin kò pé, tí fọ́tò ẹlòmíràn wà lára páálí, tí ẹni tó kọrin náà sì wà láàyè ní àdúgbò rẹ̀ láìmọ̀ pé orin òun ń tà. Ẹni tó bá gba àṣẹ nìkan ló lè béèrè ìtàn. Ẹni tó bá béèrè ìtàn nìkan ló lè sọ fún wa pé lágbájá ló ta gìtá tó dùn báyìí. Níbi tí ọ̀wọ̀ bá ti dé ni ìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yìí sì fi hàn.

Ẹ̀bùn rẹ̀ kejì wà nínú ohùn. Ẹni tí kò bá tíì mú àwo kékeré àtijọ́ kan lọ́wọ́ ní Lomé kò ní mọ ìwọ̀n wàhálà tó wà níbẹ̀. Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ òkun ìlú yìí. Páálí tó bo àwo á ti bu, ooru òrùlé páànù á ti ká etí àwo sókè, ihò àárín rẹ̀ á ti fẹ̀ nítorí ẹ̀rọ ilé àríyá tó yí i títí. Ẹni tó ni ín nígbà kan á ti fi báírò kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sójú rẹ̀, kí wọ́n má bàa jí i gbé lọ níbi ìsọmọlórúkọ. A óò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, a óò fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún yípo, a kì í nù ún gbọọrọ, omi kò sì gbọdọ̀ kan bébà àárín. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì lè máa fò. Inú irú ìdọ̀tí yìí ni wọ́n ti yọ àwọn orin 14 yìí.

Wọ́n sì yọ ọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ariwo abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀, ó sì yẹ kó wà, torí pé ẹni tó bá ní òun yóò pa gbogbo rẹ̀ yóò pa ṣaworo àti ìmí fèrè mọ́ ọn, bí ẹni tó fọ ata títí tí kò fi ta mọ́. Líle tí ohùn náà le, bí a ṣe gbà á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló fà á. Ní Kútọnù nígbà náà, ọ̀pọ̀ orin ẹgbẹ́ Orchestre Poly-Rythmo ni wọ́n fi Nagra gbà, ìyẹn ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kan tí wọ́n ń ṣe ní Switzerland, pẹ̀lú makirofóònù kan tàbí méjì péré. Kò sí pé a ó gba ìlù lónìí, ká gba ohùn lọ́la. Gbogbo ẹgbẹ́ á dúró yí makirofóònù ká. Ẹni tí ohùn rẹ̀ le ju tẹlòmíràn lọ á sún sẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá ṣì í, gbogbo wọn á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Adissa Seidou tó ni ilé àwo Albarika Store bá fẹ́ ohùn tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Èkó ló ń kó ẹgbẹ́ náà lọ, sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI. Olùkójọ tí kò mọ èyí á ti gbìyànjú láti mú kí orin Nagra dà bí orin EMI. Ben Redjeb mọ̀, ó sì fi kálukú sílẹ̀ bó ṣe wà.

Nípa ètò, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Lokonon André àti Les Volcans ni ó kọ́kọ́ gbé síwájú, pẹ̀lú orin tí kò kánjú, kí etí lè rí ibi jókòó sí kó tó di pé igbe bẹ̀rẹ̀. Picoby Band d'Abomey tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Gabo Brown kọ It's a Vanity. Nígbà tí a ó bá fi dé ọ̀dọ̀ Ouinsou Corneille, Black Santiagos ló ń gbè é lẹ́yìn, ẹgbẹ́ yẹn sì ní ìtàn tí àwa Nàgó ìlú yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fún wa. Ignace de Souza, afọnfèrè ọmọ Dàhòmì, ìyẹn Benin òde òní, Gánà ló ti gbé ẹgbẹ́ náà dìde. Ní oṣù Kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú. De Souza kó fèrè rẹ̀, ó padà sílé. Òfin kan náà ló da àwọn òbí àti àwọn ẹ̀gbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa sójú ọ̀nà Aflao, pẹ̀lú ẹrù lórí, tí àwọn kan sì fi Lomé ṣe ibùdó títí di òní. Háíláìfù Accra tó wọ inú orin Kútọnù, ojú ọ̀nà yẹn náà ló gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tidiani Koné, ọmọ Mali tó dá Rail Band ti Bamako sílẹ̀, wà nínú àkójọ yìí pẹ̀lú Poly-Rythmo. Ibi tí olùkójọ ti jẹ́ kí a gbọ́ irú ìrìn bẹ́ẹ̀, tí olórin ilẹ̀ kan ń bá ti ilẹ̀ mìíràn ṣeré láìbéèrè ìwé ìrìnnà, ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ga jù.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láti àárín àwo yìí lọ, ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ olùgbọ́, ìdí rẹ̀ sì ni pé irú orin kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé ara rẹ̀. El Rego, ọmọ Àjàṣẹ́, kọ Feeling You Got lọ́nà James Brown, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Bí a bá gbọ́ ọ lẹ́yìn orin Roger Damawuzan, tí òun náà gba ọ̀nà James Brown, ohun tó yẹ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu á ti di àṣà. Olùtò orin tó gbọ́n á ti fi orin mìíràn, tó rọ̀ tó sì tutù, sí àárín àwọn méjèèjì ju bó ṣe ṣe lọ.

Damawuzan yìí ni kí a dúró lé díẹ̀, nítorí ọmọ Lomé ni, òun sì ni orí àkójọ yìí. Wait for Me ni orin rẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Les As du Bénin. A kò ní gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ fún ewì; ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò pàdánù nǹkan kan. Igbe ni ọ̀rọ̀ orin náà. Ó ké, ó sì dákẹ́. Ìlù nìkan ló kù. A rò pé ó ti tán, ó tún ké láti ibi tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sín James Brown jẹ nígbà náà mọ igbe, wọn kò mọ ìdákẹ́. Damawuzan mọ méjèèjì. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ohùn náà kò kú sí ìgbà kan: ní 2014, ó bá Peter Solo, ọmọ ẹbí rẹ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ Vaudou Game, kọ Pas Contente, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà Wait for Me ló sì ń jó sí i ní Faransé. A kò lè sọ bóyá ayé ì bá ti rántí rẹ̀ láìsí àkójọ ọdún 2008. A mọ̀ pé àkójọ náà ṣí ìlẹ̀kùn.

Àbùkù tó wúwo jù, ní ojú àwa tó ń gbé ìlú yìí, ni pé orúkọ Tógò wà lára páálí ju bó ṣe wà nínú orin lọ. Damawuzan wà níbẹ̀. Napo de Mi Amor àti àwọn Black Devils rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú Leki Santchi, orin tó tọ́ sí ibi tí wọ́n fi í sí, nítorí gìtá rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni mìíràn nínú àwo náà. Lẹ́yìn wọn, Benin ló gba ilẹ̀ kan. Poly-Rythmo nìkan fara hàn nígbà mẹ́ta ó kéré tán: lórúkọ ara wọn, lẹ́yìn Gabo Brown, àti lẹ́yìn Tidiani Koné. Ẹgbẹ́ ńlá ni, kò sí ẹni tó jiyàn. Láti 1968 tí Mélomé Clément ti dá a sílẹ̀, kò sí irú orin tí kò lè gbè. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà ní ìgbà mẹ́ta nínú orin 14, nínú àwo tó ní òun ń ṣojú fún ilẹ̀ méjì, ìpín náà kò dọ́gba. Bó bá jẹ́ pé Benin nìkan ló kọ sára rẹ̀, a kò ní ní ẹjọ́ kankan láti rò.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ijó fúnra rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ti lé ní 70 ọdún ní Lomé léèrè ohun tí wọ́n ń jó sí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé nígbà èwe rẹ̀. Yóò ka bòlẹ́rò fún yín, yóò ka rúńbà Kóńgò, háíláìfù, àti agbadja, ijó Ewé tí wọ́n gbé bọ inú gìtá àti fèrè. Fọ́ńkì wà níbẹ̀, lóòótọ́, fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ làágùn. Ẹgbẹ́ olórin kan náà ló ń lu gbogbo rẹ̀ ní alẹ́ kan ṣoṣo, torí pé onílé ìjó kò ní sanwó fún ẹni tí kò lè lu orin tí tọkọtaya àgbàlagbà yóò fi dìrọ̀ mọ́ra. Gnonnas Pedro, ẹni tí wọ́n mọ̀ sí ọba agbadja ìgbàlódé, tó tún fi èdè Yorùbá kọ Feso Jaiye, kò sí nínú àwo yìí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú Legends of Benin, ni olùkójọ kan náà tó fún un láyè. Ẹni tó bá gbọ́ African Scream Contest nìkan á rò pé gbogbo etíkun yìí ló ń ké láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àwọn kan á dá wa lóhùn pé olùkójọ ti sọ ohun tó ń wá lórí páálí: orin líle, orin tó ń yí orí, a kì í bínú sí alápatà pé kò ta ẹ̀fọ́. Òtítọ́ wà nínú èyí, a kò sì fẹ́ kí ó kó gbogbo nǹkan pọ̀ láìní àṣàyàn. Àṣàyàn tó ní ojú kan dára ju ìkójọpọ̀ aláìlójú lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé orin fọ́ńkì wọ̀nyí gan-an á túbọ̀ dùn bí a bá gbọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin jẹ́jẹ́ tí àwọn onífèrè kan náà lù. Igbe Damawuzan á ga ju báyìí lọ bí bòlẹ́rò kan bá ṣáájú rẹ̀.

Kò sí obìnrin kan tó ṣíwájú orin nínú gbogbo rẹ̀. Ní Tógò, èyí kò ṣeé gbójú fò, torí pé olórin tí ilẹ̀ yìí fi ń yangàn jù lọ, obìnrin ni. Tsévié ni wọ́n ti bí Bella Bellow ní 1945. Ó ṣojú fún Tógò ní àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn èèyàn dúdú ní Dakar ní 1966, ó bá Manu Dibango ṣiṣẹ́, ìjàǹbá ọkọ̀ sì pa á ní oṣù Kejìlá 1973. A gbà pé ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn igbe. Ṣùgbọ́n Akofa Akoussah wà, tí àwo rẹ̀ ti 1976 ní ìlù líle tó tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ojú tí ó ń wá James Brown nìkan ni kò rí i.

Ọ̀rọ̀ inú orin náà ńkọ́? Ìwé pẹlẹbẹ yẹn fún wa ní ìtàn àti fọ́tò, kò fún wa ní ọ̀rọ̀ orin. Fọ̀n wà níbẹ̀, Ewé wà níbẹ̀, Bambara wà níbẹ̀. Les Volcans de la Capital pe orin tiwọn ní Oya Ka Jojo, ọmọ Yorùbá kankan kò sì nílò ìwé láti mọ ohun tí wọ́n ní ká ṣe. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó wà ní Frankfurt yóò rí gbá mú? Fún un, ohùn èèyàn á di ohun èlò orin kan lásán, bíi ọ́ọ̀gàn. Àwọn olórin yìí ń gbani nímọ̀ràn, wọ́n ń fi òwe bú ọ̀tá, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n ń yin olówó. Àkójọ tó fi ìtara tó báyìí wá ẹni tó kọrin kàn yẹ kó fi díẹ̀ nínú ìtara náà béèrè ohun tí ó ń kọ.

Ó yẹ kí a sọ, kí ẹjọ́ lè tọ́, pé àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí àwọn àlàfo wọ̀nyí, Ben Redjeb fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn. Ní 2010 ó gbé Afro-Beat Airways jáde, tó so Gánà mọ́ Tógò, níbi tí Orchestre Abass ti rí àyè. Ní 2016 ni Hot Casa Records ti Faransé gbé Togo Soul 70 jáde, àkójọ tó dúró sí Tógò nìkan láti 1971 dé 1981. Èyí kò ní ìyárí àti ìtò tó lágbára bíi ti African Scream Contest, àwọn orin inú rẹ̀ kan sì rọ̀ jù fún etí àwọn tó fẹ́ igbe. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ní Lomé nígbà yẹn á mọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Vaudou Game náà padà sí Lomé, wọ́n gba àwo wọn ti 2018 sílẹ̀ nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ OTODI, ilé-iṣẹ́ àwo tí ìjọba Tógò dá sílẹ̀ láyé Eyadéma, wọ́n sì fi orúkọ ilé náà pe àwo ọ̀hún. Apá kejì African Scream Contest jáde ní ọdún kan náà. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí a kò lè tọ ipa rẹ̀ padà sí àwo ọdún 2008.

Ìdájọ́ wa nìyí. Gẹ́gẹ́ bí ìwà ọmọlúàbí nínú ìkójọpọ̀ àwo àtijọ́, African Scream Contest wà lára èyí tó dára jù tí a tíì rí lórí orin etíkun yìí, nítorí ó béèrè kó tó mú. Gẹ́gẹ́ bí ohùn, kò ní àbùkù tó yẹ kí a pariwo. Gẹ́gẹ́ bí àwòrán ilẹ̀ méjì, ààbọ̀ ló yà. A gba Benin lọ́wọ́ rẹ̀, a kò gba Tógò. Ẹ rà á, kí ẹ ra Togo Soul 70 tì í, kí ẹ sì wá àwo Bella Bellow kan fi sí àárín wọn. Ẹni tó bá sì ní fọ́tò ẹgbẹ́ olórin ìlú yìí nílé, ì báà jẹ́ nínú àpótí bàbá rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Olùkójọ tó ń bọ̀ yóò béèrè.